Bátìrì ẹ́ńjìnnì motorhome nígbà òtútù: ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìrírí yín

Ará Kent:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Láti ìgbà tí a ti ra motorhome, ìyẹn ọkọ̀ tó ní yàrá ìsùn nínú, ohun tí àwọn èèyàn ń bi mí jù ni ohun tí a ń ṣe sí bátìrì ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọkọ̀ bá wà níbi ìgbọ́kọ̀sí láti ìparí oṣù Ọ̀wàrà títí di Ẹrẹ́nà. Ìdáhùn mi kò gùn: mo máa ń gba iná sí i títí á fi kún, màá sì yọ orí nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn ti wáyà dúdú. Àlàyé rẹ̀ ló gùn díẹ̀.

Fiat Ducato ni tiwa, irú èyí tó jáde ní 2006. Ẹni tó bá ń wá bátìrì rẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì á wá a títí. Abẹ́ ilẹ̀ iwájú ló wà, lápá òsì, níbi tí ìyàwó mi máa ń gbẹ́sẹ̀ lé tá a bá ń rìnrìn àjò. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí ìdérí, ẹ ó bá a níbẹ̀. Bákan náà ni Peugeot Boxer àti Citroën Relay, ọmọ ìyá ni wọ́n. Lórí àwọn tí mo ti rí, ọwọ́ kékeré kan wà lára orí nẹ́gẹ́tíìfù téèyàn á kàn gbé sókè, kò sí pé à ń wá sípánà kiri. Abẹ́ àga awakọ̀ ni Ford Transit gbé tiẹ̀ sí.

Kí ló wá ń jẹ iná nígbà tí ọkọ̀ ti kú, tí kọ́kọ́rọ́ wà nínú ilé? Álààmù ni, tracker (ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà) ni, rédíò tó ń ṣọ́ aago ni, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ni, àti ohun tó ń retí pé ẹ máa tẹ rìmóòtù. Ẹ jẹ́ ká ní gbogbo wọn pawọ́ pọ̀ ń fa 40 mílíáńpù. Kò tó nǹkan lójú. Ṣùgbọ́n láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1 Ah (Ah la fi ń wọn iye iná tí bátìrì lè gbà). Bátìrì 95 Ah á ti dé ìdajì láàárín nǹkan bí 50 ọjọ́. Ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ ní ìparí Ọ̀wàrà, kí Kérésì tó dé ó ti di ìdajì. Tí Èrèlè bá fi wọlé, òfìfo ni ẹ ó bá.

Wàhálà bátìrì tó ṣófo kọjá pé ọkọ̀ kò sítáàtì. Òjé inú rẹ̀ máa ń yọ ìpẹ́pẹ́ funfun kan tó máa ń le mọ́ ọn lára, tó bá sì ti pẹ́, kò sí ṣájà tó lè tú u kúrò tán. Òtútù tún wà níbẹ̀. Omi ásíìdì inú bátìrì tó kún kì í dì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí láéláé, àfi tí òtútù bá já sí -50°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti bátìrì òfìfo lè dì tí òtútù bá ti sún mọ́ -10°C, àpótí rẹ̀ á sì sán.

Mítà ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe bí iná dáṣíbọọ̀dù ṣe mọ́lẹ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí bátìrì sinmi mọ́jú kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Tó bá jẹ́ 12.7 fóòtì, ó kún. 12.4, ó ku bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. 12.2, ìdajì. Tó bá ti di 12.0, ẹ má dúró dọ̀la.

Ẹni tó bá sì ń sọ pé “èmi ti so tèmi mọ́ iná ilé,” kó lọ wò ó dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ motorhome, bátìrì inú yàrá, èyí tó ń gbé gílóòbù àti fáńpù omi, ni ṣájà yẹn ń bọ́. Kì í dé ọ̀dọ̀ bátìrì ẹ́ńjìnnì rárá. Sólà orí òrùlé náà, bẹ́ẹ̀ ló rí nínú púpọ̀ nínú wọn.

Ará Birmingham:

Ẹ ṣeun, bọ̀dá. Gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa bátìrì pé, ṣùgbọ́n ẹ fo álààmù, ibẹ̀ gan-an sì lọ̀rọ̀ wà.

Ọkùnrin òyìnbó kan tí ọkọ̀ rẹ̀ wà nítòsí tiwa níbi ìgbọ́kọ̀sí já wáyà lọ́jọ́ kan láìpa álààmù. Fèrè álààmù irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní bátìrì kékeré tirẹ̀ nínú, torí kí olè má baà gé wáyà kó sì lọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀. Ariwo ta! Ẹ̀ṣọ́ sáré jáde, àwọn ajá ń gbó. Kò tíì rí i pa tí fóònù rẹ̀ fi dún: àwọn tó ń ṣọ́ tracker ni, wọ́n rí i pé iná ti já, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń jí ọkọ̀ gbé. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi àwọn tracker létí. Kí ẹ sì ka ìwé adójútòfò yín. Àwọn kan kọ ọ́ sínú àdéhùn pé tracker tàbí álààmù gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wà láìsí èèyàn nínú rẹ̀. Tí ẹ bá já iná, tí wọ́n sì gbé ọkọ̀ lọ, ọ̀rọ̀ owó lè dìjà. Ti ìlẹ̀kùn náà ńkọ́? Rìmóòtù kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, kọ́kọ́rọ́ onírin lẹ ó fi tì í. Ẹ dán an wò kí ẹ tó já iná, torí mo mọ àwọn tí ihò kọ́kọ́rọ́ wọn ti ganpa torí wọn kò fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i rí.

Èmi kì í yọ tèmi. Ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n bá wa so sáàárín bátìrì méjèèjì: tí ti inú yàrá bá kún, á máa jo iná díẹ̀díẹ̀ sínú ti ẹ́ńjìnnì. Sólà ló ń bọ́ ti inú yàrá. Mi ò ní purọ́ o, oòrùn oṣù Ọ̀pẹ ní Birmingham kò lágbára kankan, páánẹ́ẹ̀lì tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ lórí òrùlé kì í rí nǹkan gidi mú. Nítorí náà mo ṣì máa ń lọ wọ̀n ọ́n.

Àwọn tó ń wí pé kí á máa sítáàtì ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Iná tí ẹ fi ta ẹ́ńjìnnì tútù jí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ìdúró kò ní dá a padà tán, omi á sì tún máa kó jọ sínú ẹ̀sọ́ọ̀sì. Ẹ wà á jáde fún bíi wákàtí kan, ìyẹn ni. Ẹni tó bá sì ti ṣe SORN, ìyẹn tó ti sọ fún ìjọba pé ọkọ̀ òun kò sí lójú títì mọ́, kò láṣẹ láti gbé e sí títì, àfi tó bá ń lọ ṣe MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ tí òfin béèrè, tó ti gba àyè rẹ̀ sílẹ̀.

Ará Houston:

Níbí ní Amẹ́ríkà, RV là ń pe motorhome, ooru sì ni ọ̀tá wa. Bí ooru bá ṣe ń le sí i ni bátìrì ń tú iná fúnra rẹ̀, kódà tí wọn kò bá so nǹkan kan mọ́ ọn. Torí náà yíyọ orí rẹ̀ nìkan kò tó wa lóṣù Ògún.

RV ńlá tiwa tó ń lo dísù ní ìyípo tí a fi ń já bátìrì, ọ̀kan fún ti ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan fún ti inú ilé. Ó rọrùn. Ṣùgbọ́n mo fi mítà wò ó lẹ́yìn tí mo yí méjèèjì, iná ṣì ń lọ díẹ̀. Wọ́n so àwọn nǹkan kan tààrà mọ́ bátìrì láìgba ibi ìyípo náà kọjá. Ẹ má kàn gbọ́ “kọ́” kí ẹ máa lọ.

Rewáyà ní Ìbàdàn:

Èmi ò ní motorhome o, ọkọ̀ àwọn tó wà lókè òkun ni mò ń tọ́jú. Wọ́n á dé lóṣù Ọ̀pẹ, wọ́n á gùn ún, wọ́n á tún padà. Kò sí òtútù níbí, ṣùgbọ́n bátìrì ń kú bákan náà.

Ohun tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́: ẹ pa ọkọ̀, ẹ dúró ìṣẹ́jú mélòó kan kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sùn. Nẹ́gẹ́tíìfù lẹ ó kọ́kọ́ yọ, òun náà ni ẹ ó so kẹ́yìn. Tó bá jẹ́ pọ́sítíìfù lẹ kọ́kọ́ dì mú, tí sípánà fara kan ara ọkọ̀, iná á ṣẹ́ pààrà, ó lè jó yín lọ́wọ́. Ẹ ká orí wáyà náà sẹ́yìn kó má baà padà lọ kan bátìrì. Tí àwọn ọ̀gá bá dé, rédíò àwọn kan á máa béèrè nọ́ńbà àṣírí, gíláàsì fèrèsé kò ní máa lọ sókè fúnra rẹ̀ mọ́, ẹ́ńjìnnì sì lè máa gbọ̀n díẹ̀ kó tó rántí ara rẹ̀. Ọkọ̀ kò bàjẹ́. Ẹ wá nọ́ńbà rédíò yẹn nínú ìwé ọkọ̀ kí ẹ tó wọ báàlù, torí èmi kò ní in.

Ará Kent:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Àǹtí wa ní Birmingham, ọ̀rọ̀ adójútòfò yẹn wọlé, mo ti ń ka tèmi. Ẹ̀rọ kékeré tí ẹ sọ, ṣé ó ń bá lithium ṣe? A ti fi bátìrì lithium pààrọ̀ bátìrì òjé inú yàrá wa.

Ará Birmingham:

Ẹ bi ẹni tó ń tà á kí ẹ tó rà á. Fóòtì ló fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Lithium máa ń dúró ní nǹkan bí 13.3 fóòtì kódà tó bá ti lò lára iná rẹ̀, torí náà irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè rò pé ó ṣì kún, kó máa fà á lọ. Bátìrì òjé la ṣì ń lò nínú tiwa.