"Másùnmáwo ẹ̀rọ" kọ́, "ìkẹ̀" náà kọ́

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Kubwa o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Kaduna túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, "mechanical stress causes inflammation in the muscle", lánàá sí "másùnmáwo ẹ̀rọ ń fa ìkẹ̀ nínú iṣan". Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, kò wọ̀ mí létí. Ọ̀rọ̀ ọkàn ni másùnmáwo: owó ilé, owó iléèwé, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya. Tẹ́ ẹ bá tún fi ẹ̀rọ kún un, mọ́tò ló máa wá síni lọ́kàn. Ẹrù tó ń fa iṣan ni "mechanical stress" ń wí. "Ìfà ẹrù" ti tó.

"Ìkẹ̀" ló dùn mí jù. Egbò ló ń kẹ̀, ọgbẹ́ tuntun kì í kẹ̀. Tí wọ́n bá ti ní nǹkan kẹ̀, ọyún ló kù. Iṣan tí ẹrù fà kò ní kòkòrò, kò lọ́yún.

Sátidé tó kọjá, mo gun òkè Katampe. Gígùn rẹ̀ kò ṣe mí ní nǹkan, sísọ̀kalẹ̀ ló pa mí. Béèyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀, iṣan itan ń fún pọ̀ kó má bàa ṣubú, ìwọ̀n ara rẹ̀ sì ń fa iṣan kan náà gùn. Ibẹ̀ ni fọ́nrán tín-ín-tín inú rẹ̀ ti ń já. Kálísíọ̀mù á ya wọlé, iṣan á ránṣẹ́, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ á máa dé láàárín wákàtí díẹ̀, àwọn tó ń kó pàǹtí á tẹ̀ lé wọn. Ìyẹn ló jẹ́ kí ríro rẹ̀ máa le jù láàárín wákàtí 24 sí 72. (Ásíìdì inú iṣan, "lactic acid", tí gbogbo ayé ń dá lẹ́bi pé òun ló ń fa ríro náà, ti lọ tipẹ́ nígbà yẹn.) Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọlọ́kadà kí mi ní Hausa pé "Ina gajiya?" (àárẹ̀ ńkọ́?), mo ní "Ba gajiya" (kò sí àárẹ̀) bí ọmọlúàbí. Irọ́ ni. Ọwọ́ ni mo fi gbé ẹsẹ̀ mi sórí ọ̀kadà.

Fún "inflammation", "wíwú" nìkan kò tó, torí àìsàn kíndìnrín náà ń mú ẹsẹ̀ wú. Mo dábàá "ìgbónáwú". Ẹ má fi "àrùn" ṣáájú rẹ̀ o: àwọn akópàǹtí yẹn kan náà ló ń bá iṣan tún ara rẹ̀ ṣe.

"Iṣan" gan-an ṣì wà nílẹ̀. Ìyá mi ní Ìlọrin, tí wọ́n bá ní iṣan, okùn tó yọ lọ́rùn ọwọ́ ni wọ́n ń nàka sí. Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀yin ń pe ẹran itan?