Mo Pè É ní Ibà, Eégbọn Ni: Ìrírí Àwa Mẹ́ta

Bàbá Ìbejì, Long Island

Ó ti pé ọdún 17 tí mo ti ń gbé ní Long Island, ní ìpínlẹ̀ New York, ṣùgbọ́n títí di oṣù Keje ọdún tó kọjá, n kò ka eégbọn sí ohun tí ó lè dá ènìyàn dùbúlẹ̀. Mo ti Ìbàdàn dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, nítorí náà nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi, tí òógùn sì ń bò mí lóru débi pé aṣọ ibùsùn ń rin gbingbin, mo ti dájọ́ fún ara mi pé ibà ni mo gbé bọ̀. Mo lo oògùn ibà tí mo rà bọ̀ láti ilé fún ọjọ́ mẹ́ta, kò ràn án. Ìgbà tí ìtọ̀ mi dúdú bí kóòkì ni ìyàwó mi wọ́ mi lọ sí ilé ìwòsàn.

Àyẹ̀wò fi hàn pé kì í ṣe ibà. Dókítà wá bi mí bóyá mo wọ igbó. Mo ní rárá, àfi ìgbà tí ìyàwó mi rán mi létí pé mo ro ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àgbọ̀nrín ti máa ń wá jẹ tẹ̀tẹ̀ rẹ̀, àti pé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ó rí ohun dúdú kan lẹ́yìn orúnkún mi, tí kò tó hóró yànmọ̀tí. A rò pé èépá egbò ni, kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Babesia, àfòmọ́ kan tí eégbọn ń kó ran ènìyàn, ni wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ mi, oògùn atovaquone àti azithromycin ni mo sì lò fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Aláyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀, Connecticut

Ẹ kú ewu o, Bàbá Ìbejì. Nílé ni mo ti kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ojú mi sì ti mọ́ kòkòrò ibà dáadáa, ohun tí ó ṣì mí lọ́nà gan-an nìyẹn. Mo rí òrùka kéékèèké nínú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹnì kan, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibà ni, bẹ́ẹ̀ ẹni náà kò kúrò ní Connecticut rí. Ọ̀gá mi pè mí padà sídìí máíkírósíkóòpù: kò sí ẹ̀gbin aláwọ̀ ilẹ̀ tí kòkòrò ibà máa ń fi sílẹ̀, mẹ́rin nínú wọn sì fi orí kan ara wọn nínú sẹ́ẹ̀lì kan bí àgbélébùú: Babesia ni.

Ẹ má dá àgbọ̀nrín lẹ́bi jù. Inú eku kékeré ẹlẹ́sẹ̀ funfun ni àfòmọ́ yìí ń gbé. Ọmọ eégbọn a fà á lára eku, nígbà tí ó bá sì dàgbà díẹ̀, a wá kó o ran ẹlòmíràn, ó sì sábà máa ń gba wákàtí 36 sí 48 lára kí ó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àgbọ̀nrín kì í gbé àfòmọ́ náà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ni àwọn eégbọn àgbà ti ń jẹun tí wọ́n sì ń gùn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pọ̀ níbi tí àgbọ̀nrín bá pọ̀ sí. Erékùṣù Nantucket, ní Massachusetts, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí irú èyí lára ènìyàn, ní 1969.

Ìyá Àyọ̀, Massachusetts

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin méjèèjì. Ọmọ mi ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí ó ti ba spleen rẹ̀ jẹ́, ẹ̀yà ara abẹ́ ìhà òsì tí ó yẹ kí ó máa sẹ́ irú kòkòrò wọ̀nyí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí Babesia bá mú un, ó lè le gan-an. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí i lára tún ń já mi láyà tẹ́lẹ̀, nítorí àfòmọ́ yìí ń gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n láti 2019 ni àjọ FDA, tí ó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ti ní kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ìtọrẹ wò fún un ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ti wọ́pọ̀, tiwa sì wà nínú wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù Kẹfà, mo bá eégbọn kan lẹ́yìn etí ọmọ mi, pẹlẹbẹ, kò tí ì mu ẹ̀jẹ̀ yó. Màmá mi ti na ọwọ́ sí kẹrosínì, bí a ti ń ṣe fún ajá nílé. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe é. Mo fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ dì í mú lẹ́bàá awọ ara, mo sì fà á sókè tààrà láìyí i. Inú ìgò kékeré ló wà di òní, nínú fírísà wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ̀nmọ́ Màmá.