Oyún oṣù márùn-ún, ó ń ta mí bí mo bá ń tọ̀: ṣé àtọ̀sí ni lóòótọ́?

Ìyàwó Kékeré:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin àǹtí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Oyún mi ti pé ọ̀sẹ̀ 22, àkọ́bí ni. Láti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, bí mo bá jókòó láti tọ̀, ṣe ló ń ta mí bí ìgbà tí ata kan ojú egbò. Bí mo bá dìde tán, á tún máa ṣe mí bíi pé mi ò tíì tọ̀. Màá padà lọ, ẹ̀kán méjì péré ló máa jáde. Ìtọ̀ náà rú bí omi ògì, ó sì ń rùn. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, ara mi ò sì gbóná.

Mo sọ fún ìyá ọkọ mi. Wọ́n ní àtọ̀sí ni, pé ọmọ àwọn kì í ṣe oníranù, kí n ronú ibi tí mo ti kó o. Mo sunkún di òru. Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n bó ṣe ń wò mí ti yàtọ̀. Ọkùnrin tó ń ta oògùn ní ìkóríta wa ti di Cipro àti Flagyl fún mi sínú ọ̀rá. Màmá náà ti se àgbo tó ní káún nínú. Èwo ni kí n lò nínú méjèèjì? Ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó padà lọ rí nọ́ọ̀sì.

Ìyá Ìbejì:
Má lo ọ̀kankan! Má dúró di ọ̀sẹ̀ méjì. Màá padà wá sọ tèmi, mo wà lọ́jà báyìí.

Ìyá Àríkẹ́:
Flagyl ni mo máa ń lò ní tèmi, ara mi sì máa ń yá. Ṣùgbọ́n mi ò lóyún nígbà yẹn o.

Àǹtí Agbẹ̀bí:
Ọmọ mi, nu ojú rẹ. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ń ṣe, mo sì ti rí ilé tí ọ̀rọ̀ àtọ̀sí yìí dà rú nígbà tó jẹ́ pé ìtọ̀ lásán ló ń dá obìnrin láàmú.

Ohun tí o sọ yìí jọ àkóràn ilé ìtọ̀. Kòkòrò tó sábà máa ń fà á, E. coli, inú ìfun àwa fúnra wa ló ń gbé. Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá yan àlè. Ojú ìtọ̀ obìnrin kò jìnnà sí ihò ìdí, ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde lára wa kò sì ju bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, kòkòrò ò ní pẹ́ gòkè dé àpò ìtọ̀. Oyún á tún wá dá kún un. Progesterone, họ́mónù kan tó ń pọ̀ lára aboyún, máa ń dẹ àwọn ọ̀nà tóóró tí ìtọ̀ ń gbà bọ̀ láti inú kíndìnrín, ilé ọmọ náà á sì máa tẹ̀ wọ́n, pàápàá ti ọwọ́ ọ̀tún. Ìtọ̀ á wá máa rìn gbẹ̀rẹ́-gbẹ̀rẹ́, kòkòrò á ráyè bí sí i. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń yá gòkè lọ bá kíndìnrín nínú oyún.

Àtọ̀sí wà lóòótọ́, láàbù sì lè yẹ ìyẹn náà wò bí dókítà bá fẹ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán sọ pé òun ló jẹ́, ìyá ọkọ rẹ kò lè sọ ọ́, èmi náà kò lè sọ ọ́.

Cipro kì í ṣe oògùn tí a ń kọ́kọ́ nawọ́ sí fún aboyún. Flagyl kì í pa E. coli rárá, ẹnu kíkorò ni wàá fi jẹ èrè. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fún ọ ní tẹtrasáíkílì tàbí doxycycline, dá a padà fún un, ó lè ba eyín ọmọ inú rẹ jẹ́. Àgbo káún ńkọ́? Mi ò bá màmá jà, ṣùgbọ́n a ò mọ bí káún ṣe pọ̀ tó nínú ìkòkò yẹn, kò sì ní pa kòkòrò náà.

Lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la. Sọ fún wọn pé ó ń ta ọ́, má kàn sọ pé o wá fún àyẹ̀wò. Wọ́n á kọ́kọ́ ri ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú ìtọ̀ rẹ, èsì ìyẹn kì í pẹ́. Ìyẹn nìkan kò tó. Béèrè fún èyí tí wọ́n ń kọ sórí fọ́ọ̀mù pé MCS, tí wọ́n á mú kí kòkòrò náà hù ní láàbù kí wọ́n lè mọ oògùn tó ń pa á. Ó máa ń tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ oògùn kí èsì tó dé.

Bí o bá fẹ́ gba ìtọ̀ náà, fọ ojú ara rẹ pẹ̀lú omi, nu ún láti iwájú lọ sẹ́yìn. Jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ dà nù, gba ti àárín, má fi ọwọ́ kan inú ike. Gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ìtọ̀ tó bá sùn lórí tábìlì di ọ̀sán, irọ́ ló máa pa.

Bàbá Ìlérí:
Mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin nìyí, ìyàwó mi ló fi mí sí i. Arábìnrin, fi ohun tí àǹtí kọ yìí han ọkọ rẹ. Bó bá fẹ́ fura, kó kọ́kọ́ gbé ìtọ̀ rẹ lọ sí láàbù.

Ìyá Ìbejì:
Mo ti dé. Tèmi ò ta mí rárá, ẹ gbọ́. Oyún ọ̀sẹ̀ 31 ni. Ibi tí mo ti ń gba ìtọ́jú nígbà náà, ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ni wọ́n rì bọ ìtọ̀ mi, wọ́n ní kí n máa lọ, pé ara mi le. Ọjọ́ kẹta, ibà mú mi, mo ń gbọ̀n débi pé bẹ́ẹ̀dì ń dún. Gbogbo wa ní ibà ẹ̀fọn ni. Mo lo oògùn ibà, kò gbọ́. Ẹ̀gbẹ́ mi ọ̀tún, lẹ́yìn, lábẹ́ egungun ìhà, bí wọ́n bá fi ọwọ́ kàn án, màá ké. Mò ń bì. Nígbà tí ikùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í le gbagidi, tó ń dẹ̀, tó tún ń le, ọkọ mi gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Kíndìnrín ni kòkòrò ti wọ̀. Inú iṣan ni wọ́n ti ń fún mi lóògùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọlọ́run ló yọ mí, àwọn ìbejì ì bá ti dé láìtọ́jọ́.

Nítorí náà, ìwọ tí ara rẹ ò tíì gbóná, ire ni o wà. Bí ibà, ìgbọ̀nrìrì, èébì tàbí ìrora ẹ̀yìn bá dé ní òru òní, má dúró di àárọ̀.

Àdùkẹ́ ti Peckham:
Ní London níbí, gbogbo ìgbà tí mo bá lọ rí agbẹ̀bí ni mò ń gbé ìtọ̀ lọ nínú ìgò kékeré. Ojú máa ń tì mí nínú bọ́ọ̀sì.

Ìyá Àríkẹ́:
Àǹtí, kí ló dé tí àwọn ìyá wa fi mu àgbo tí wọ́n sì bímọ?

Àǹtí Agbẹ̀bí:
Àwọn tó bímọ là ń rí, ìyá Àríkẹ́.

Ìyàwó Kékeré:
Ẹ ṣé gan-an. Bí wọ́n bá fún mi lóògùn, ó lè pa ọmọ lára?

Àǹtí Agbẹ̀bí:
Àwọn tó bá aboyún mu wà. Cefalexin jẹ́ ọ̀kan. Nitrofurantoin náà wà, ṣùgbọ́n a kì í fún ẹni tó ti sún mọ́ ìrọbí, ẹni tó bá sì ní àìtó G6PD, èròjà kan tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, kò gbọdọ̀ lò ó. Ọjọ́ méje ni wọ́n sábà máa ń ní kéèyàn lo irú oògùn bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì, má fi ìyókù pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Lẹ́yìn tí o bá lò ó tán ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí wọ́n tún ìtọ̀ náà yẹ̀ wò. Mu omi dáadáa, má sì máa há ìtọ̀ mọ́ra nínú ọkọ̀.

Ẹ má fi Dettol fọ ojú ara yín o, mo mọ̀ pé ẹnìkan ti fẹ́ kọ ọ́ síbí.

Ìyàwó Kékeré (ọjọ́ kẹfà):
Ẹ kú ìfẹ́ mi. E. coli ni wọ́n rí, kò sí àtọ̀sí. Cefalexin ni wọ́n fún mi, ó ku ọjọ́ méjì kí n lò ó tán, ìtọ̀ mi ti mọ́. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló lọ gba èsì. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì ní ẹnu ọ̀nà láàbù, ó wá ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun àti ẹ̀pà fún mi bọ̀. Ìyá rẹ̀ kò bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jí lánàá, mo rí i pé wọ́n ti da àgbo yẹn nù, wọ́n sì ti fọ ìkòkò náà.