Kernel tuntun ti ṣiṣẹ́: /boot ló kún

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kọ̀ǹpútà Ubuntu ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wa ní Mọ́kọ́lá, tó ń dúró gbagidi sórí "VFS: Unable to mount root fs on unknown-block(0,0)" látìgbà tí a ti fi kernel tuntun (ọkàn ètò Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà) sí i, ti jí. Mo bèèrè nípa rẹ̀ níbí, àwọn kan sì ní kí n kàn nu gbogbo dísìkì.

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n fi df -h (àṣẹ tó ń fi àyè dísìkì hàn) wo /boot (ibi tí àwọn fáìlì tó ń tan kọ̀ǹpútà wà), ẹ ṣeun gan-an. Ó ti kún dẹ́nu. Àwọn kernel àtijọ́ ló gba gbogbo àyè, initrd (fáìlì tó ń kó díráífà fún kernel níbẹ̀rẹ̀) ti tuntun ò wá ríbi dúró sí. Láìsí initrd, kernel yẹn ò rí díráífà tó máa fi dá dísìkì mọ̀.

Mo gba "Advanced options" ní GRUB (ètò tó ń jẹ́ ká yan kernel nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn) wọlé pẹ̀lú kernel àtijọ́, mo fi apt purge yọ àwọn tí a ò lò mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣe uname -r láti mọ kernel tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ má baà yọ èyí tí ẹ ń lò lọ́wọ́! Lẹ́yìn náà, mo ṣe update-initramfs -c -k pẹ̀lú nọ́ńbà kernel tuntun láti ṣẹ̀dá initrd rẹ̀, àti update-grub kí GRUB lè rí i.

Nu gbogbo dísìkì nítorí fáìlì kan ṣoṣo? Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ àwọn oníbàárà wa wà lórí ẹ̀, kò sì sí èyí tó sọnù. Ọ̀rọ̀ yìí ti parí.