Mo mọ ìtàn Gíríìkì, àmọ́ máàkì kò wá

Ọmọ Kàbà: Òkun o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀kọ́ Gíríìkì àti Róòmù ìgbàanì ni mò ń kà ní yunifásítì, ìdánwò sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n lè fa ìlà díẹ̀ yọ nínú ìwé pé ká sọ̀rọ̀ lé e lórí, wọ́n lè ní ká fi ìlú méjì wéra, ìbéèrè gígùn tí a ó fi àròkọ dáhùn náà sì wà. Olùkọ́ mi kàn ń kọ "ìtàn lásán" sí ẹ̀gbẹ́ ìwé mi ṣáá. Ẹ gbà mí o.

Tíṣà Ìsánlú: Àbúrò, òkun. Ká ní ibi tí Odysseus, akọni inú ewì Odyssey ti Homer, ti purọ́ fún Polyphemus, òmìrán olójú kan, pé "Kò-Sẹ́nìkan" lorúkọ òun ni wọ́n fà yọ. Má lọ bẹ̀rẹ̀ láti ogun Troy tó ti ń bọ̀! Sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀: Odysseus fúnra rẹ̀ ló ń ròyìn níwájú ọba Alcinous. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé èyí, máàkì sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Orúkọ irọ́ ló yọ ọ́, torí nígbà tó fọ́ Polyphemus lójú, àwọn Cyclops (òmìrán olójú kan) yòókù gbọ́ pé "Kò-Sẹ́nìkan" ló ń pa Polyphemus, wọ́n bá padà sílé. Bó ṣe wọkọ̀ tán, ẹnu ń yún un, ó pariwo orúkọ rẹ̀ gan-an. Orúkọ yẹn ni Polyphemus fi ṣépè fún un lọ́dọ̀ bàbá ara rẹ̀, Poseidon òrìṣà òkun. Ọgbọ́n àti ìgbéraga lára ẹnì kan ṣoṣo: ohun tí wọ́n fẹ́ kí o rí nìyẹn.

Ìyá Ẹ̀gbẹ̀: Ha! Àbúrò Ìjàpá pọ́nńbélé.

Ará Mọ̀pà: Ní ti ìfiwéra, má parí Athens kí o tó kan Sparta. Jẹ́ kí wọ́n jọ wà ní ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí àpẹẹrẹ, ọba méjì ló ń jẹ pọ̀ ní Sparta nígbà náà. Athens ń ṣẹ́ kèké yan ọ̀pọ̀ aláṣẹ.

Ọmọ Kàbà: Ẹ ṣé gan-an. Ìbéèrè gígùn ńkọ́? "Ṣé ọ̀gágun Julius Caesar ló ba ìjọba Róòmù àtijọ́ (èyí tí kò ní ọba) jẹ́?"

Tíṣà Ìsánlú: Gba ẹjọ́ ẹnì kan rò láti ìlà àkọ́kọ́. Èmi á ní nǹkan ti bàjẹ́ ṣáájú rẹ̀: Sulla, ọ̀gágun Róòmù kan, ti kó ọmọ ogun wọ Róòmù lọ́dún 88 ṣáájú ìbí Kristi, ọdún 49 ṣáájú ìbí Kristi ni Caesar tó kó tirẹ̀ sọdá odò Rubicon wọ Ítálì. Kí o wá gbà fún alátakò rẹ pé Caesar ló gba oyè apàṣẹ títí ayé, kí o sì fèsì.

Ọmọ Kàbà: Mo lè kọ ọ́ lálẹ́ òní kí n fi síbí?

Tíṣà Ìsánlú: Kọ ọ́. Gbé aago síwájú o, kí ìbéèrè máàkì mẹ́wàá má jẹ àkókò ti ogún.