Ẹ gbà mí o, fótò ti kún kọ̀ǹpútà mi, software wo ni kí n lò?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́. Fótò tó wà lórí kọ̀ǹpútà ilé wa ti lé ní 20,000, àwọn kan wá látinú fóònù, òmíì látinú kámẹ́rà àtijọ́, òmíì jẹ́ èyí tí mo scan, mo dẹ̀ ti kó wọn sí fódà oríṣiríṣi débi pé fótò kan ṣoṣo lè wà níbi mẹ́ta. Picasa, software tí wọ́n fi ń to fótò, ni mò ń lò kí Google tó pa á tì ní 2016, látìgbà yẹn ni mo ti ń fọwọ́ tò wọ́n, ó ti sú mi.

Mo fẹ́ èyí tó máa dá ojú èèyàn mọ̀, tó dẹ̀ máa kọ orúkọ tí mo bá fi síbẹ̀ sínú fáìlì fótò náà gan-an, kì í ṣe inú database (ibi tí software náà ń kó ìsọfúnni pa mọ́ sí) tiẹ̀ nìkan, torí ọjọ́ tí mo bá kúrò lórí software yẹn, mi ò fẹ́ kí gbogbo làálàá mi wọmi. Ìyẹn ló ká mi lára jù.

Wọ́n ní digiKam ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ bọ́tìnì tó wà lójú ẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí díẹ̀. Lightroom dáa, ṣùgbọ́n owó oṣooṣù yẹn ò wù mí. Mi ò dẹ̀ fẹ́ kó wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì o, fótò àwọn ọmọ wà níbẹ̀.

Ṣé ẹnikẹ́ni ń lo digiKam pẹ̀lú fótò tó pọ̀ tó báyìí? Ṣé kì í falẹ̀? Àwọn tí mo scan yẹn ńkọ́, ọjọ́ tí mo scan wọn ló ń gbé jáde dípò ọjọ́ tí wọ́n ya fótò náà, báwo lẹ ṣe ń yí i padà fún ọ̀pọ̀ fótò lẹ́ẹ̀kan náà?