Kí ni wọ́n ń sọ ní ìpàdé àwọn onímọ̀ nípa ọ̀bọ?

Dúpẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, mo rí i pé àwọn tó ń ṣèwádìí lórí ọ̀bọ àti ìnàkí ṣèpàdé ní Nairobi ní 2018. Kí ni wọ́n máa ń bára wọn sọ gan-an?

Bàbá Ìbejì: Ọ̀rọ̀ pọ̀ o! Ní igbó Taï ní Ivory Coast, ikọ́ àwa èèyàn ló pa àwọn ìnàkí kan, àwọn olùwádìí gan-an sì wà lára àwọn tó lè gbé e wọgbó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọ máàsìkì báyìí, tí wọ́n ń jìnnà sí àwọn ìnàkí, tí ẹni tí imú ẹ̀ bá ń ṣomi ò gbọdọ̀ wọgbó rárá. Wọ́n tún máa ń jiyàn lórí àwọn tó wà nínú kéèjì, torí ọ̀bọ tí wọ́n dá nìkan tì mọ́lé ń jìyà, ó fẹ́ràn ẹgbẹ́.

Ṣadé: Ẹ má gbàgbé African Primatological Society, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ọ̀bọ nílẹ̀ Áfíríkà, Bingerville ní Ivory Coast ni wọ́n ti ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ ní 2017. Ìyẹn ló dùn mọ́ mi jù, torí àwa la ni igbó. Ẹ wo igbó Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ìnàkí ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ oko kòkó àti àwọn agégẹdú ń jẹ igbó náà lọ.

Dúpẹ́: Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n. Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀?

Ṣadé: Wọ́n ń lọ dáadáa, tètè kọ̀wé sí wọn.